Ẹ Má Di Gbogbo Ẹ̀bi Ru Ọyẹ́: Eruku, Èéfín àti Ẹ̀dọ̀fóró Wa ní Àbújá

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé ìparí oṣù àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kubwa, nígbà ọyẹ́. Mo tún un tò díẹ̀ fún kíkà, mo sì fi díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè tó wáyé sí ìparí rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín kú ọyẹ́ o. Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọyẹ́ àti ikọ́. Mo dúpẹ́ pé wọ́n pè mí, ṣùgbọ́n màá yọ̀ǹda ara mi láti yí àkọlé yẹn díẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, kò sí ohun tó ṣe àyà wa ní Àbújá yìí tí a kì í dì ru ọyẹ́. Ọmọ ń wúkọ́, ọyẹ́ ni. Imú ń ṣẹ̀jẹ̀, ọyẹ́ ni. Màmá ò rí oorun sùn nítorí èémí, ọyẹ́ ni. Tó bá wá di oṣù karùn-ún, tí òjò ti fọ gbogbo òrùlé, tí màmá ṣì ń mí gúlegúle, a ò ní rántí pé a ti dá ẹjọ́ náà tán.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀dọ̀ àwọn tí èémí ń dà láàmú ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò lónìí ni pé ọyẹ́ ní ẹ̀bi tirẹ̀, kò kéré rárá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń bá wa ru ẹrù ẹlòmíràn. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró wa, àwa la tanná sí i, nínú ọgbà wa, níbi tí kò jìnnà sí imú wa. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún ọyẹ́ ná, torí ìtàn rẹ̀ dùn.

Eruku ọyẹ́ kì í ṣe eruku Kubwa, kì í sì í ṣe ti Kano. Ní orílẹ̀-èdè Chad, ní ìhà àríwá adágún Chad, ilẹ̀ kòtò gbalasa kan wà tó ń jẹ́ Bodélé. Láyé ọjọ́un, omi ló bo ibẹ̀. Adágún Chad ìgbà yẹn fẹ̀ ju ti òní lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Omi gbẹ, ó wá ku ìsàlẹ̀ rẹ̀, eruku funfun lẹ́búlẹ́bú tó jẹ́ pé èèpo ara àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín tó gbé inú omi náà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Òkè Tibesti wà lápá kan, òkè Ennedi wà lápá kejì. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìhà àríwá ìlà-oòrùn bọ̀ ní láti fún ara rẹ̀ gba àárín àwọn òkè méjèèjì, ibẹ̀ ló ti ń gba agbára, tí á sì gbé eruku náà sọ sókè. Àwọn onímọ̀ ka Bodélé mọ́ àwọn ibi tí eruku ti ń dìde jù lọ lórí ilẹ̀ ayé. Òmíràn nínú eruku yẹn máa ń sọdá òkun Àtìláńtíìkì títí dé igbó Amazon. Ẹ wò ó, ohun tó rìn dé Bùràsíìlì, ta ni yóò bi í pé kí ló ń wá ní Gwarinpa?

Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, máa ń kéde rẹ̀ kó tó dé. Wọ́n á ní eruku ti dìde ní Chad tàbí ní Niger, kò ní pẹ́ kan Maiduguri, Kano àti Katsina, lẹ́yìn náà kó sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú ló ń fetí sí ìkéde yẹn jù, torí bí ojú ọ̀run kò bá já gaara, ọkọ̀ kò ní gbéra. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní ọmọ onásímà nílé ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹni tí ọkọ̀ òfurufú já sílẹ̀ lè wọ̀ ọ́ lọ́la.

Ó dáa. Eruku kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ fa irun orí kan tu. Ẹ mú mìlímítà kan, ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000. Ìdá kan nínú rẹ̀ la ń pè ní máíkírómítà. Sísanra irun yẹn jẹ́ bíi máíkírómítà 50 sí 70. Eruku tó bá ju máíkírómítà 10 lọ, imú àti ọ̀fun ló sábà máa ń dá a dúró: irun imú á mú un, ikun á mú un, a óò sín, a óò fun imú, ó parí. Èyí tí ẹ ń rí lórí áńkáṣíìfù nìyẹn, tí ẹ máa ń fi han ara yín tí ẹ ń ní "ẹ wo ohun tó wà nímú mi!" Èyí tí ẹ rí yẹn ti jáde, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó kéré sí 10 ló ń sá kọjá ọ̀fun. Èyí tó jẹ́ 2.5 sí ìsàlẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5, kò ní dúró lójú ọ̀nà, ó ń lọ títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Irun orí kan ṣoṣo, ó tó ogún ìlọ́po rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní sísanra. Ojú kò lè rí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá pọ̀ gan-an la máa ń rí i bí ìkùukùu.

Kí ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀? Ọ̀nà ọ̀fun pín sí méjì, ó tún pín, ó ń pín lọ títí tó fi di àwọn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tó ju mílíọ̀nù 300 lọ nínú àyà ẹnì kan ṣoṣo. Ògiri wọn tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ẹ̀mí ti ń pàdé ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ẹlẹ́dàá kò sì fi ilẹ̀kùn síbẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ wà lójú ọ̀nà o. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tẹ́ bo inú àwọn ọ̀pá náà, lábẹ́ rẹ̀ ni irun kan tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ti ń jù fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀, tó ń ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà pẹ̀lú ìdọ̀tí orí rẹ̀ sókè sí ọ̀fun, a ó sì gbé e mì láìmọ̀. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èéfín ń sọ irun yìí di arọ, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki. Ìdí rèé tí ẹni tó ń mu sìgá fi ń wúkọ́ láàárọ̀. Nígbà tó bá wá di inú àwọn àpò wẹ́wẹ́ yẹn, irun kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ ìdọ̀tí ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Wọ́n á gbé eruku náà mì, wọ́n á gbìyànjú láti lọ̀ ọ́. Eruku tí wọn ò lè lọ̀, tó sì ń dé lójoojúmọ́, á mú kí wọ́n ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn fún ìrànlọ́wọ́, ibẹ̀ á wú, á máa gbóná. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, kò sí wàhálà. Ọdún mẹ́wàá, ọdún ogún ni wàhálà wà. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ á máa fún, ògiri àwọn àpò náà á máa wó wọnú ara wọn, èyí tó bá sì ti wó kò ní hù padà. Àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní COPD nìyẹn. Ọ̀pọ̀ màmá wa tí kò fẹnu kan sìgá rí láyé wọn ló ní in, torí ìdí ààrò tí wọ́n ti lo ogójì ọdún.

Èyí tó kéré jù lọ nínú eruku náà, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírómítà, lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ikọ́ nìyẹn. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó ń fa ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 èèyàn ni afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí, tìta tinú ilé, ń tètè pa lọ́dọọdún, ọkàn àti rọpárọsẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá lọ. Nílé òkú, a óò ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá. Kò sẹ́ni tí yóò ní jẹnẹrétọ̀ ló pa á.

Ní 2013, ẹ̀ka WHO tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ ka afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí ìta àti eruku wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ní ìpele kan náà pẹ̀lú èéfín sìgá. Ní 2021, WHO tún gé òṣùwọ̀n wọn kù. Ẹ fojú inú wo afẹ́fẹ́ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí PM2.5 inú rẹ̀ má ju máíkírógíráàmù 10 lọ (ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan gíráàmù ni máíkírógíráàmù kan) tí a bá pín ti gbogbo ọdún dọ́gba. Wọ́n wá ní 5 ni. Òòjọ́ kan kò sì gbọdọ̀ ju 15 lọ. Ní 2016, nígbà tí ìwé ìròyìn gbé àkójọ WHO jáde, Onitsha ló ṣíwájú gbogbo ayé nínú ọ̀rọ̀ eruku, Kaduna tó wà nítòsí wa yìí sì wà láàárín àwọn ìlú iwájú.

Ẹnìkan á ní, ṣebí eruku ọyẹ́ náà ni wọ́n ń wọ̀n ní Kaduna? Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, eruku ọyẹ́ sì ní PM2.5 nínú, n kò ní fi ẹ̀bi rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwúwo eruku ọyẹ́ ni irú èyí tó tóbi, tó ń bà lé orí tábìlì àti orí mọ́tò. Ohun tó bá ti inú iná jáde ńkọ́, yálà ti igi, ti èédú, ti dísù tàbí ti ọ̀rá, ìyẹn náílọ́ọ̀nù? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló kéré sí 2.5, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tó 1. Ó tún ń gbé kẹ́míkà jíjóná lẹ́yìn. Eruku tí ẹ ń fi ìka kọ orúkọ sára gíláàsì mọ́tò kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù jù.

Ohun mìíràn wà tí ọyẹ́ ń ṣe tí a kì í kà sí i lọ́rùn. Ẹ gba ọ̀nà Nyanya tàbí Mararaba kọjá láàárọ̀ kùtù nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, ẹ ó rí i pé èéfín kò ròkè. Ó tẹ́ lórí ilé bí aṣọ. Lóru ọyẹ́, ilẹ̀ ń tètè tutù, afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ á tutù ju tòkè lọ, á wúwo, á jókòó. Ohun gbogbo tí a bá sun láti alẹ́ mọ́jú á wà láàárín wa títí oòrùn yóò fi mú. Àsìkò yẹn gan-an làwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé. Àsìkò yẹn náà ni àwọn tó fẹ́ sanra kù máa ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ ń sáré, ẹ sún un sí ìrọ̀lẹ́ kí iná tó bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ irin ńlá kan wà ní àfonífojì kan tí òkè yí ká, Geneva lorúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1986, wọ́n tì í pa. Ó di oṣù kẹsàn-án 1987 kí wọ́n tó tún un ṣí. Arden Pope, tó jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, kì í ṣe dókítà rárá, lọ gba àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn, ó fi ìgbà òtútù tí ilé iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ wé èyí tó wà ní títì. Nígbà tí iná ń jó, àwọn ọmọ tí ásímà àti ọ̀nà ọ̀fun wíwú gbé dé ilé ìwòsàn jẹ́ ìlọ́po méjì sí mẹ́ta iye ti ìgbà tí a tì í. Àfonífojì kan náà, òtútù kan náà, àwọn òbí kan náà. Ó tẹ ìwádìí náà jáde ní 1989, ilé iṣẹ́ ńláńlá kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé kò ra ẹ̀rọ kankan. Ìwé tó wà nílẹ̀ ló kà. Ó wù mí kí ọmọ yunifásítì kan bá wa ṣe irú rẹ̀ níhìn-ín. Àwọn àdúgbò kan wà ní Band A, ìpele àwọn tí iná ìjọba ń dúró fún jù, tí jẹnẹrétọ̀ wọn ti dákẹ́, àwọn àdúgbò mìíràn ṣì wà nínú òkùnkùn. Ilé ìwòsàn ní ìwé. Ẹni tó lè kà á ló kù.

Àwọn ọmọ ló ń jìyà rẹ̀ jù. Wọ́n ń mí yára ju àgbà lọ, ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣì ń dàgbà, wọ́n sì sún mọ́ ilẹ̀. Ní gúúsù California, àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ọdún 10 títí wọ́n fi pé 18. Lágbègbè tí PM2.5 ti pọ̀ jù, iye àwọn ọmọ tí agbára ẹ̀dọ̀fóró wọn kò tó bó ti yẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti agbègbè tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ jù. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ìlú náà wá dára sí i lẹ́yìn náà, ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé wọn dàgbà ju tiwọn lọ. Ní London, ọmọbìnrin dúdú kan, Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kú nínú oṣù kejì 2013 lẹ́yìn tí ásímà ti gbé e lọ gbé e bọ̀. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀nà mọ́tò ńlá. Ìyá rẹ̀ kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní oṣù kejìlá 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí wà lára ohun tó pa á. Ṣáájú rẹ̀, kò sẹ́ni tí a kọ ọ́ fún bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Bìrìtìkó.

Ní tiwa ńkọ́? UNICEF kà á pé ní 2018 nìkan, òtútù àyà pa ọmọ 162,000 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èéfín nìkan ló fà á, àìjẹun-re-kánú àti àìgba abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín ilé ìdáná wà lára àwọn ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún un. Láti ìgbà tí gáàsì ti gbówó lórí ni ọ̀pọ̀ ilé ti padà sídìí èédú, èmi náà mọ̀ ọ́n. A máa ń sọ pé èédú kò ní èéfín. Ó ní in, kò kàn dúdú ni. Tùràrí tí a kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Hausa aládùúgbò wa, oògùn ẹ̀fọn tí à ń tanná sí, wọ́n wà nínú ìdílé kan náà, pàápàá tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Gáàsì tó ń pa odindi ìdílé lóru torí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, ìyẹn kì í ṣe eruku. Gáàsì kan tí kò lóòórùn tí kò sì láwọ̀ ni, ó ń pa èèyàn ní wákàtí díẹ̀, gbogbo wa la sì ti gbọ́ ọ. Eruku wẹ́wẹ́ tó ń bá a jáde ni kò sẹ́ni tó ń dárò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń da epo ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ bẹntiróò ló burú jù, torí ó ń sun epo náà ni, èéfín búlúù tí ẹ ń rí yẹn nìyẹn. Ní àwọn ibi ìpẹran kan, taya ni wọ́n fi ń sun awọ. Mo fẹ́ràn pọ̀nmọ́, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró tì í láti àárọ̀ dalẹ́ ni mo ń káàánú. Ọ̀rá tí a ń sun lẹ́yìn ilé lálẹ́ Sátidé ńkọ́? Ìyẹn kò ní àwáwí kankan.

Àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni eruku. Àwọn ìyá tó ń gbá títì ní ìdájí. Àwọn tó ń la pákó ní Dei-Dei. Eruku igi líle fúnra rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ imú. Àwọn wẹ́dà àti àwọn tó ń fín ọ̀dà ní Apo. Àwọn tó ń fọ́ òkúta lágbègbè Mpape ni mo ń bẹ̀rù fún jù, torí eruku òkúta ní ohun kan tó ń jẹ́ sílíkà. Sílíkà kì í ṣe ohun tí sẹ́ẹ̀lì lè lọ̀. Ńṣe ló ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀fóró á máa di àpá, á máa le. Kò sí oògùn tó ń wò ó, ó sì ń mú kí ikọ́ ife tètè ráyè wọlé. Ẹni tó ń fọ́ òkúta tó wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kò gbọdọ̀ jókòó máa mu àgbo. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife, ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ má gbàgbé Zamfara. Ní 2010, ní abúlé bíi Dareta àti Yargalma, àwọn èèyàn ń lọ òkúta wúrà nínú ẹ̀rọ ìlọyẹ̀fun, láàárín ilé. Òjé, irin tó jẹ́ májèlé, pọ̀ nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀, ó bo ìkòkò, ó bo ọwọ́ ọmọ. Wọ́n mí in sínú, wọ́n jẹ ẹ́. Ó ju 400 ọmọ lọ tó bá a lọ. Nígbà àkọ́kọ́, ibà ni ọ̀pọ̀ rò pé ó ń ṣe wọ́n.

Àrùn yírùnyírùn náà, àsìkò gbígbẹ yìí ló ń gbalẹ̀ lápá àríwá. Abẹ́rẹ́ wà fún un. Ẹni tó bá ń lọ sí Sokoto tàbí Katsina kó gbà á.

Kí la wá fẹ́ ṣe? Eruku Bodélé, a ò lè ṣe nǹkan kan sí i ju kí a fara pamọ́ fún un lọ. Lọ́jọ́ tí NiMet bá kéde rẹ̀, ẹ ti fèrèsé láàárọ̀, ẹ fi omi nu ilẹ̀ dípò kí ẹ gbá a gbẹ, kí ọmọ onásímà má lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ìbòmú aláṣọ ń dá eruku ńlá dúró, ti PM2.5, ìbòmú tí wọ́n ń pè ní N95 ni, tó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, torí ó ń mú ó kéré tán 95 nínú 100. Irùngbọ̀n kò jẹ́ kó lẹ̀, ẹ̀yin bàbá. Àwọn ọmọ ọwọ́, abẹ́rẹ́ òtútù àyà wà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni ti iná wa. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, ẹ kọ ẹnu páìpù rẹ̀ síbi tí kò sí fèrèsé ẹnikẹ́ni, kì í ṣe fèrèsé tiyín nìkan. Bí ẹ̀yin mẹ́rin bá wà nínú ọgbà kan tí olúkúlùkù ń tan tirẹ̀, ẹ jókòó kí ẹ ṣírò iye tí ẹ ń ná lórí epo lóṣù mẹ́fà, kí ẹ wo bóyá kò tó ra sólà tí yóò gbé gílóòbù àti fáànù fún gbogbo yín. Níbi tí ìpàdé yìí ti lè ṣe òfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fòfin de sísun ọ̀rá ní àdúgbò. Owó ìtanràn náà lè gbé ọkọ̀ tí yóò máa kó o.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kan béèrè bóyá mílíìkì tàbí epo pupa kì í fọ eruku kúrò nínú àyà, torí ohun tí wọ́n máa ń mu níbi iṣẹ́ sìmẹ́ńtì nìyẹn. Mo ní, bàbá, ohun tí ẹ bá mu, ikùn ló ń lọ. Bó bá ṣèèṣì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ẹ ó há ni. Mílíìkì ń ṣara lóore, ẹ máa mu ún. Ti epo pupa tí a ń rọ sọ́mọ lẹ́nu nígbà tó bá fa èéfín símú ni kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Ọmọ tó ń wúkọ́ lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, epo yẹn fúnra rẹ̀ á sì fa òtútù àyà.

Ìyá ọmọ onásímà kan ní wọ́n sọ fún òun pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fín oògùn sẹ́nu kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi méjì ló wà: èyí tó ń ṣí ọ̀nà lójú ẹsẹ̀ nígbà tí àyà bá fún, àti èyí tí à ń lò lójoojúmọ́ kí àyà má baà fún rárá. Ọ̀pọ̀ wa ń ra ti àkọ́kọ́ nìkan, a sì ń lò ó lemọ́lemọ́, ìyẹn ló léwu. Láti ìgbà tí GSK, ilé iṣẹ́ oògùn, ti kéde ní oṣù kẹjọ 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà ni owó rẹ̀ ti fò sókè, mo mọ̀. Ẹ bi dókítà bóyá irú mìíràn tó ní oògùn kan náà nínú wà tó rọjú.

Ìyá kan tó ń yan àgbàdo àti bọ̀ọ̀lì létí títì ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ti bú iná tán, iná yìí náà ló ń bọ́ mi." Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mo ní mi ò ní kí wọ́n pa á. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ni kí wọ́n jókòó sí, kí wọ́n gbé àdògán ga sókè, kí wọ́n jẹ́ kí èédú pọ́n kí wọ́n tó gbé àgbàdo lé e, kí wọ́n má sì pọn ọmọ sídìí rẹ̀. Mo wá béèrè ohun tí wọ́n fi ń ráná. Wọ́n ní ọ̀rá ni, gbogbo wọn ló ń lo ọ̀rá, òun ló ń tètè mú. Mo ní háríhá àgbàdo tí wọ́n ń bó dà nù lójoojúmọ́ ńkọ́, tí wọ́n bá sá a? Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ewúrẹ́ aládùúgbò ló ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn á bá ewúrẹ́ pín in.